Ọwọ́ Tó Mọ Igi Áàṣì

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní St. Albans pe àwa àgbàlagbà mẹ́rin pé kí á wá sọ irú iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí àwọn náà lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì. Kó tó kàn mí, ìrẹsì ti dé, ojú gbogbo wọn sì ti wà lára kúlà. Wọ́n ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ tèmi. Iṣẹ́ ọdún méjìdínlógójì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní báàtì ni mò ń ṣe, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, ṣé èèyàn ló máa ń ṣe ìyẹn ni?" Ó rò pé inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń hù. Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí délé, òun ni mo fi jókòó tí mò ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kó kà á.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Abẹ́òkúta kí n tó wá sí New York. Bí mo ṣe wọ̀lú, bí àwa mẹ́fà ṣe ń sùn sí yàrá méjì ní Morris Heights, àti ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń san fún mi, ẹ jẹ́ kí á fo ìyẹn. Gbogbo wa la ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó dùn nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa takisí ló gbé ọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Jamaica, àdúgbò kan ní Queens níbí, ọkùnrin náà sì ń ráhùn pé òun kò rí ẹni tó mọ igi mú. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ẹnì kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo wọ tréènì láti Bronx, mo wọ òmíràn, mo wọ èyí tí wọ́n ń pè ní E dé ibi tó ń parí sí, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀yìn ojú irin.

Mista Otis lorúkọ ọkùnrin náà. Ẹni bí àádọ́ta ọdún ni nígbà yẹn, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ báàtì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí a lè gbé ọkọ̀ méjì sí lọ. Kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi ló wò. Ó ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa igi. Mo ní mo ti ṣe ilẹ̀kùn, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀dì, mo ti kan òrùlé ilé alájà méjì. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó sì gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbálẹ̀. Èmi tí mo ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì lábẹ́ mi ní Abẹ́òkúta. Bí mo bá délé, ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, á bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ mi lónìí, màá ní wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbá igun. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kò ní ṣe oṣù mẹ́fà nídìí ìgbálẹ̀, mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ó ṣe, ẹ ó lọ máa sọ fún ayé lórí fóònù pé ọ̀gá yín burú. Mi ò bá yín jà. Èmi náà fẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe pé onílé ń béèrè owó rẹ̀.

Láàárín ìgbálẹ̀ yẹn náà ló ti ń kọ́ mi, mi ò kàn mọ̀ ni. Igi tí à ń lò nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní áàṣì. Láti òkè, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí igi yára dàgbà, ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa ní róbótó róbótó. Mista Otis á mú méjì, á fi wọ́n lu ara wọn, á ní, "Èwo?" Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bi mí. Nígbà tó yá, etí mi là. Èyí tó dára máa ń dún gbọnran-gbọnran, èyí tó ní àrùn nínú máa ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú aṣọ. Bí mo bá mú èyí tí kò dára, kì í sọ nǹkan kan. Á kàn dá a padà, á tún lu òmíràn.

Báàtì tí mo kọ́kọ́ gbẹ́, mo rò pé màá gbé e délé fi han Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí igi náà bìrìbìrì, èmi di ṣísẹ́ẹ̀lì mú lé e, fọ́nrán rẹ̀ ń fò sí mi lójú, títí igi náà fi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, tó sì sanra lórí bó ṣe yẹ. Mo fi sáńpépà ha á, mo fi egungun màlúù tẹ ara rẹ̀ kó le. Mista Otis fi irin ìwọ̀n wò ó lọ́rùn. Ó fi bí irun kan tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò gbóhùn sókè, kò tilẹ̀ wò mí. Ó mú ayùn, ó rẹ́ ẹ sí méjì, ó ní, "Òmíràn." Mọ́kànlá ló rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nídìí ìkẹjọ, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣe ìkejìlá, ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó sì lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti gbà á.

Ẹ fara balẹ̀ síbi tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Igi tí a bá gbẹ́ róbótó ní ojú méjì. Ní ojú kan, àwọn ìlà ara igi tò mọ́ra wọn gbọọrọ, bí ìgbà tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ìwé tí a pa dé. Ẹ yí i díẹ̀, ìlà náà á fẹ̀, á tẹ́ lọ. Igi áàṣì lágbára níbi tí ìlà rẹ̀ ti tò mọ́ra, ibẹ̀ ló yẹ kí bọ́ọ̀lù ti bà á. Báwo ni ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á ṣe mọ̀? Òǹtẹ̀ ni. Irin gbígbóná la fi ń tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára báàtì, ojú tó fẹ̀ la sì ń tẹ̀ ẹ́ sí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pé kí òǹtẹ̀ máa wo òkè. Bí òǹtẹ̀ bá ti wo òkè, ojú tó lágbára ló máa pàdé bọ́ọ̀lù. Nítorí náà òǹtẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oníṣẹ́ ló ń fi bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, ẹni yẹn á sì gbà á gbọ́ láì mọ̀ ọ́n rí.

Odindi ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tẹ òǹtẹ̀ sí ojú tó fẹ̀. Ó débi pé mi ò wò ó mọ́. Mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, mò ń jẹ ẹ̀pà, ọwọ́ mi á yí igi náà, á bá ojú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn ilé ìwé kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀, wọ́n gba báàtì onírin tó ń dún bí ẹni tó ń lu ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò kan wọlé, aláwọ̀ ewé ni, kò ju ẹyọ ìrẹsì méjì lọ, ó sì ń jẹ igi áàṣì láti abẹ́ èèpo títí odindi igbó fi ń kú lóòró. Igi tí wọ́n ń kó wá fún wa ń dínkù. Láàárín ìgbà yẹn náà ni àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí lo igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní mépù, ẹ sì mọ̀ pé ohun tí gbajúmọ̀ bá lò ni gbogbo ayé máa ń fẹ́. Mista Otis kò fẹ́ràn mépù. Ó ní igi tí kì í fi inú rẹ̀ hàn ni. Ṣùgbọ́n a kì í bá oníbàárà jà.

Mépù dán, ó le, ìlà ara rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ojú tó fẹ̀ gan-an ni agbára tirẹ̀ wà. Ó wá di dandan kí òǹtẹ̀ kúrò níbi tí a ti mọ̀ ọ́n sí, kó bọ́ sí ojú kejì. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí áàṣì bá fẹ́ bàjẹ́, á kọ́kọ́ máa bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹni tó ni ín á ti rí i. Mépù kì í kìlọ̀. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́, ó ṣẹ́ pátápátá nìyẹn, èyí tó fò lọ á sì mú ṣóṣó bí ọ̀kọ̀. Mista Otis mọ gbogbo èyí. Ó jókòó tì mí ní odindi ọjọ́ kan, ó kọ́ mi bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó mú páálí, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé MÉPÙ, YÍ I, ó sì kàn án mọ́ ògiri lókè irin òǹtẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ní Queens ra ogójì báàtì mépù lọ́wọ́ wa. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn tó ń dáná ní ilé oúnjẹ, àwọn tó ń gbé ẹrù ní papakọ̀ òfuurufú, àwọn onígbàjámọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo tẹ òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ́sẹ̀, ọmọ wa, rí yunifásítì wọ̀, inú mi dùn, mò ń ròyìn rẹ̀ fún Mista Otis láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yìí jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ̀rọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́. Páálí náà wà lókè orí mi. Ọwọ́ mi yí igi, ó wá ojú tó fẹ̀ tó ti mọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ogójì ìgbà.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn tí a kó wọn fún wọn ni ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù jù ú, ẹni tó di báàtì mú gbá a, báàtì ṣẹ́ lọ́rùn. Orí báàtì fò tààrà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ẹnu tó mú náà sì wọ̀ ọ́ ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìgúnpá, ó gé iṣan. Rafael lorúkọ rẹ̀. Ará Dominican ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Onígbàjámọ̀ ni, ní Jamaica níbẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun bíi tèmi ni mo sọ ọ́ lù.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ náà wá fún wa nínú àpò ọ̀rá. Mista Otis mú un, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Èmi náà rí i. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lójú tó fẹ̀, ó mọ́ kedere, ó tẹjú mọ́ mi. Mista Otis kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ó ní kí n gbé fóònù, kí n pe gbogbo ẹgbẹ́ náà, kí n gba mọ́kàndínlógójì tó kù. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti dé, a sì rẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́yà ìnṣúránsì dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ọmọkùnrin tó mọ̀wé, kò ní ìwà ibi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dé ọ̀dọ̀ Rafael, kí á má fi òdòdó ránṣẹ́, kí á má pè é, kí á má sọ fún un pé a káàánú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀ ti gba ẹ̀bi nìyẹn, bí a bá sì gba ẹ̀bi, Mista Otis lè pàdánù ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mista Otis mi orí pé òun gbà. Èmi náà mi orí.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, ọjọ́ mẹ́rin rèé, ẹ ò tíì lọ kí i."

Mo ní lọ́yà ló ní kí á má lọ.

"Ṣé lọ́yà ló bí yín ni?"

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi, bí ewúrẹ́ yín bá jẹ iṣu aládùúgbò, ẹ ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kì í ṣe pé ẹ ó sanwó, ẹ ó kọ́kọ́ lọ fojú hàn. Ẹni tó ṣeni léṣe tí kò wá kíni, ọ̀tá ni. Mi ò sì fẹ́ di ọ̀tá ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi Mista Otis ṣe? Gbogbo ohun tí mo ní, ilé tí mo ń san díẹ̀díẹ̀ ní St. Albans, yunifásítì Bọ́sẹ̀, abẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló ti wá. Bí mo bá lọ, mo ta ọ̀gá mi. Bí mi ò bá lọ, mo ta ara mi. Mi ò sùn fún ọjọ́ méjì.

Mi ò lè yọ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ bá Mista Otis nídìí ẹ̀rọ, mo sọ fún un pé mò ń lọ kí Rafael.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Wálé, ṣọ́ọ̀bù mi lo fẹ́ gbé lọ yẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó tan ẹ̀rọ náà padà. Mo jáde.

Lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ni Rafael ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá náà ló ṣílẹ̀kùn. Mi ò dúró kó bi mí ní nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú kóòtù mi, àyà mi kan ilẹ̀. Obìnrin náà ń pariwo ní èdè Sípéènì. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ó rò pé ọkàn mi ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ní kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Rafael jáde síta, wọ́n ti fi bándéèjì wé apá rẹ̀ láti èjìká dé ìka. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílẹ̀.

Mo ní, "Mò ń bẹ̀ yín ni."

"Ta ló rán yín wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní kí n má wá. Èmi ni mo tẹ òǹtẹ̀ sára báàtì yẹn, ibi tí kò yẹ ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Kì í ṣe ẹ̀bi igi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó gbá a. Ẹ̀bi mi ni."

Ó ní kí n dìde, kí n jókòó, kí n ṣàlàyé. Mo mú igi ìgbálẹ̀ wọn, mo fi hàn án, ojú yìí, ojú tọ̀hún, òǹtẹ̀ yẹ kó wà níbí, ibí ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ó wò mí títí, ó sì sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n jọ jáde láti inú ìyá kan náà, ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé òun ni òun di báàtì mú lódì, kò sì lè wá wo ojú àbúrò rẹ̀. Rafael fi ọwọ́ òsì tẹ fóònù, ó gbé e sí mi létí.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lórí fóònù. Rafael gba fóònù rẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé. Kò ní kí n má ṣèyọnu. Kò ní òun dárí jì mí.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo bá Mista Otis ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó jókòó, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ó bi mí pé kí ni ọkùnrin náà sọ. Mo ní ó ní kí n máa lọ sílé. Ó dìde, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì gòkè lọ.

Lọ́yà náà kò bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìnṣúránsì tọ́jú Rafael, wọn ò jiyàn, nítorí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní bá Mista Otis ṣe mọ́, ilé iṣẹ́ mìíràn kò sì gbà á. Ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ ra báàtì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìnṣúránsì? Kí ọdún tó yípo, a ti ń palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, mo ní kó forí jì mí nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ẹ pé èyí tí kò bá dára, kí á rẹ́ ẹ. Mo sì jókòó lọ́jọ́ yẹn, mò ń wo ọwọ́ rẹ." Ó ti sùn lónìí, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mi ò ní ọ̀gá tó jù ú.

Mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Brooklyn, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà ló ń gbẹ́ báàtì níbẹ̀. Ohun tó ń gba èmi àti Mista Otis ní wákàtí kan, ẹ̀rọ náà á ti ṣe é tán kí kọfí yín tó tutù, àkọ́kọ́ àti igba tó tẹ̀lé e á sì bára mu bí ìbejì. Ó dára, mi ò ní purọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni màá máa ṣe, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa wo ìlà. A máa ń kán yíǹkì ẹ̀kán kan sí ọrùn báàtì mépù, yíǹkì náà á rìn tọ ìlà tí ojú kò rí. Bó bá lọ tààrà, báàtì yẹn yè. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rẹ́ ẹ. Èmi náà ni mo ń wo òǹtẹ̀, mo sì máa ń fi ìka kan ojú igi kí n tó fọwọ́ sí i, ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀. Àwọn èwe ibẹ̀ ń pè mí ní Mista No. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yan iṣẹ́ tó bá wù yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìgbà tí ọwọ́ yín bá mọ iṣẹ́ tán ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ.

Mi ò tíì sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Rafael ṣe lọ. Èèyàn kì í kí ẹni tó ṣe léṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo ń lọ lóṣooṣù, ìyá rẹ̀ á fún mi ní kọfí, òun á wo tẹlifíṣọ̀n. Ìka méjì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, kò lè di kílípà mú. Ní ọjọ́ kan mo bá a nísàlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí kò sí oníbàárà, ó di kílípà mú lọ́wọ́ òsì, ó ń gé irun orí bèbí onírọ́bà. Ó burú jáì. Ó ní ọ̀gá òun ti gbà kí òun padà bí òun bá lè fi òsì gé e, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé orí rẹ̀ fún òun? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sá. Mo bọ́ fìlà, mo jókòó sórí àga.

Ó ní, "Ẹ̀rù ò bà yín?"

Mo ní, "Ó ń bà mí."

Ó tó ọdún kan tí mo fi gbé orí mi fún un, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó gé mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní eku ló ń bá mi jẹ irun lójú oorun. Ìyá Bọ́sẹ̀, tó rán mi lọ, ní kí n máa dé fìlà nínú ilé. A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi àti Rafael. Á ní kí n tẹ orí, màá tẹ orí. Díẹ̀díẹ̀, etí mi sinmi, eku sì dẹ̀yìn lórí mi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹlòmíràn tó gbé orí fún un.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ṣọ́ọ̀bù kún, gbogbo àga ló ní èèyàn. Ó ti gé apá ọ̀tún orí mi tán, ó fẹ́ bọ́ sí òsì. Ọkùnrin kan wọlé, ará ọ̀nà, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, ó ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wo àwọn àga, ó wo orí mi, ó ní ẹni tó ń gé ti bàbá yìí ni òun fẹ́. Rafael pa kílípà. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó sì fa aṣọ kúrò lọ́rùn mi, ó gbọn irun inú rẹ̀ dànù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, mo ní oníbàárà."

Mo jáde sí ojú pópó Jamaica bẹ́ẹ̀, ìdajì orí mi ní irun, ìdajì kò ní. Àwọn èèyàn ń wò mí, ọmọbìnrin méjì yọ fóònù, wọ́n ń yà mí. Fìlà mi wà lọ́wọ́ mi. Mi ò dé e.